Idẹ Tuntun, Ẹ̀tù Àtijọ́

Kí ó di mímọ̀ fún tọmọdé tàgbà pé ní ìlú Sletten, ní ilẹ̀ Montana, ẹni tó bá yìnbọn kì í kọ́kọ́ wo ibi tí ọta bà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Á bẹ̀rẹ̀, á wá idẹ rẹ̀ kiri inú koríko, èyíinì ni ìkarahun ọta tó ṣófo tí ìbọn pọ̀ sílẹ̀. Á gbé e, á fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, á jù ú sápò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó rántí pé nǹkan kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tí òun yìn. A ti rí ọkùnrin kan tí àgbọ̀nrín tó ti ṣubú dìde níwájú rẹ̀, tó gbọn ara nù, tó sì wọgbó lọ, nítorí pé orí olówó ìbọn wà nílẹ̀, ó ń wá idẹ. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Àgbọ̀nrín ń bímọ, idẹ kì í bímọ.

Orval Tveit ló mú àṣà yìí le jù lọ nílùú. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ó ga, ó gbẹ bí òpó ọgbà, ojú rẹ̀ òsì sì ti ń rí ayé bí ìgbà tí èéfín bò ó. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní àká àlìkámà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ibẹ̀ ló ti kọ́ pé ohunkóhun tí ènìyàn kò bá tíì fi sórí òṣùwọ̀n, irọ́ ni. Àwọn tí Orval kò fẹ́ràn pọ̀, a ò lè ka gbogbo wọn tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí gbogbo wọn ni Delmar Rasch, àbúrò ìyàwó rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ariwo tó fi ogún ọdún pa mọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò tíì kúrò lọ́fun rẹ̀.

Ìkórìíra náà ti gbó. Orval ní ọjọ́ ìgbéyàwó òun ni Delmar sọ fún àwọn àlejò pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá lè ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò rí ọkọ tó sàn ju èyí lọ. Delmar ní irọ́ tó jìnnà sí òótọ́ ni. Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó lòun sọ ọ́. Láti ìgbà náà, ohun tí ọ̀kan bá rà, èkejì á rà á, kí ẹnì kan má bàa ní ohun tí ẹnì kan kò ní. Irú ìbọn kan náà ni wọ́n ní, ilé ìtajà kan náà ni wọ́n ti rà á, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.

Àwọn méjèèjì ló sì ń di ọta fúnra wọn. Ní Sletten, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó gbé ọbẹ̀ inú agolo lọ síbi ìsìnkú ni wọ́n fi ń wo ẹni tó ra ọta àdìtán. O gbọ́dọ̀ jókòó ti òṣùwọ̀n rẹ, kí o wọn ẹ̀tù ní hóró-hóró, nítorí hóró ni wọ́n ń pe ìwọ̀n náà, kí o rọ ọ́ sínú idẹ, kí o fi ọta dí i lẹ́nu. Bí o bá yìn ín tán, idẹ padà sílé, o tún un kún. Ìwọ̀n Orval kò yí padà láti ọdún tí wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí: hóró mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, kò lé, kò dín. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà ló máa ń gbàgbé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún tí à ń sọ yìí, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ìjọba a máa ṣẹ́ gègé lọ́dọọdún láàárín àwọn tó fẹ́ lọ pa àgbò orí òkè, èyí tí ìwo rẹ̀ ká tó sì wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn tó ń fi orúkọ sílẹ̀ pọ̀ bí eèrà, àwọn tí gègé ń mú kò tó kún ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n nìyí tí Orval ti ń fi orúkọ sílẹ̀. Delmar náà ń fi sílẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ìdí. Ẹni tí gègé bá mú, ó di ẹ̀yìn ọdún méje kó tó tún lè bọ́ sí ìlà. Fún ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin tó ní orúnkún bíi ti Orval, ọdún méje, orúkọ mìíràn tí láéláé ń jẹ́ ni. Àgbò kan, ìgbà kan, ó tán.

Gègé mú Orval.

Delmar gbọ́ kí ọjọ́ tó kanrí, ó sì pè é lórí fóònù.

“Wọ́n ní wọ́n mú ọ.”

“Wọ́n mú mi.”

“Ìwọ tó ò ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó o tó dé ìdí àpótí lẹ́tà. Òkè wo lo fẹ́ gùn?”

“Òkè tí wọn ò fún ọ ni.”

Orval gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni ń tẹ́ òkú. Arlene ìyàwó rẹ̀ ní òun kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mọ́tò Delmar ti rì sínú odò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Idẹ Orval ti gbó. Ọgọ́rùn-ún ẹyọ tó rà pẹ̀lú ìbọn náà, tó ti kún tó sì ti tún kún, ọrùn wọn ti ń sán lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń rọ ọ́ sì ti kógbá wọlé. Ó ní láti ra idẹ tuntun, láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ mìíràn. Àádọ́ta ẹyọ ló rà, tó ń dán bí eyín ọmọ tuntun, ó sì ṣe àṣìṣe pé ó gbé páálí rẹ̀ wọ ilé kọfí, níbi tí Delmar ti jókòó.

“Mú un wá kí n rí i.” Delmar ti mú ẹyọ kan kó tó wí bẹ́ẹ̀. Ó yí i lọ́wọ́, ó fi kan tábìlì. “Èmi náà ń lo irú èyí, ó pé ọdún mẹ́ta. Ara rẹ̀ nípọn ju tàtijọ́ ẹ lọ. Inú rẹ̀ kéré. Dín ẹ̀tù kù, kó o bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.”

“Ta ló bi ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí. Ojú ẹ ló ń ṣe mí láàánú. Ẹyọ kan ló kù tó ń ríran.”

“Ẹyọ kan yẹn ríran ju gbogbo orí ẹ lọ.”

Kí á sọ òótọ́ kí á lè kú ire: ohun tí Delmar sọ tọ́. Kò sí ẹni tó wà nínú ilé kọfí yẹn tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àyè inú idẹ bá kéré, tí ẹ̀tù kò sì dín kù, agbára inú rẹ̀ á le. Bí ènìyàn mẹ́fà bá ń jà nínú yàrá kékeré, ògiri ló ń jìyà. Orval gan-an ló kọ́ ìdajì ọkùnrin ìlú yẹn pé ẹni tó bá pààrọ̀ idẹ gbọ́dọ̀ padà sí ìsàlẹ̀, kó máa fi ààbọ̀ hóró gòkè wá. Bí ajá bá rìn wọlé tó gbó ìmọ̀ràn náà sí i létí, ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá. Ṣùgbọ́n Delmar ló sọ ọ́. Òtítọ́ tó bá ti ẹnu Delmar kọjá, lójú Orval, ó ti di ohun tí à ń fọ̀ kí á tó lò.

Ó délé, ó gbé òṣùwọ̀n jáde. Ó wọn ogún idẹ àtijọ́, ó wọn ogún idẹ tuntun, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Tuntun fúyẹ́ ju àtijọ́ lọ, ní hóró mẹ́rin-mẹ́rin. Ó tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Orval dìde, ó rìn yí tábìlì ká, ó rẹ́rìn-ín tí Arlene fi yọjú láti ilé ìdáná.

“Kí ló dé?”

“Ó fúyẹ́! Àbúrò ẹ ní ó nípọn, ó sì fúyẹ́. Bó bá fúyẹ́, idẹ ara rẹ̀ ló kéré. Bí idẹ ara rẹ̀ bá kéré, àyè inú rẹ̀ ló pọ̀. Ẹ̀tù tó yẹ kí n fi kún un ni, kì í ṣe kí n dín in kù!”

Òpè kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Òpè kò ní òṣùwọ̀n tó lè fi ìyàtọ̀ hóró mẹ́rin hàn án. Ó gba ọkùnrin tó ti fi àádọ́ta ọdún kọ́ iṣẹ́, tó sì ń fi ìkórìíra ṣe ìṣirò. Orval fi ààbọ̀ hóró lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó sọ fún gbogbo ilé kọfí bí òun ṣe wọ̀n ọ́n, ó pe orúkọ Delmar lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì san owó kọfí ẹni tí kò bá a tan.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n pé sí pápá ìyìnbọn. Virgil Osmundson, tó ń mójú tó pápá, gbé àsíá pupa sókè pé ìyìnbọn ti bẹ̀rẹ̀. Orval ti ọta sínú ìbọn, ó fi ojú tó dára ti awò ìbọn, ó yìn ín.

Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò ró gbòà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó gbó bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Orval na ọwọ́ sí ìdábùú ìbọn, irin tí à ń gbé sókè kí á tó lè fà á sẹ́yìn kí idẹ jáde. Kò gbéra. Ó tún gbìyànjú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sí i.

“Ṣé ó há ni?” Delmar béèrè láti tábìlì kejì, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

“Kò há. Mò ń sinmi ni.”

“Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó o ti ń sinmi, àna mi àtàtà. Ṣé kí n bá ọ wá ìrọ̀rí?”

Virgil ló mú òòlù onígi wá. Ó gbá ìdábùú náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ Orval kó yí ojú sẹ́yìn, ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta. Idẹ ta jáde, ó ṣubú sínú koríko, ìṣáná kékeré tó wà nídìí rẹ̀, èyí tó ń tanná ran ẹ̀tù, sì bọ́ síbòmíràn bí eyín arúgbó. Orval bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ Orval, ìrìn àjò ni. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó dé ìdajì ọ̀nà, Delmar ti bẹ̀rẹ̀ sí i, ó ti gbé e.

Ní Sletten, o lè wọ bàtà ẹni, o lè bá ìyàwó ẹni jó títí iná á fi kú. O kì í gbé idẹ ẹni. Delmar gbé e sókè sí oòrùn, ó wo ìdí rẹ̀ tó ti tẹ́ tó sì ń dán níbi tí irin ti tẹ̀ ẹ́, ó fojú wo ihò tí ìṣáná ti bọ́, bí ẹni ń wo inú ilé onílé láti ojú kọ́kọ́rọ́. Ó jù ú sápò, ó lọ wọ mọ́tò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, idẹ náà ti wà lórí ẹ̀rọ kọfí, wọ́n fi okùn so ó kọ́, pẹ̀lú páálí pélébé kan lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́tà gàdàgbà sí: Ó FÚYẸ́.

Orval gbé ìbọn lọ fún ọkùnrin tó ń tún ìbọn ṣe ní ìlú kejì. Ọkùnrin náà tú u palẹ̀, ó tan iná sí i, ó dá a padà.

“Kò sí ohun tó ṣe ìbọn. Bó o bá tún ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú mìíràn ni kó o lọ wá, èmi ò tà á.”

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n á ṣí òkè fún àwọn ọdẹ. Oṣù Kẹjọ ti wọlé. Orval ní ìwé àṣẹ tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró dè, ó ní idẹ mọ́kàndínláàádọ́ta, kò ní ọta kan tó lè yìn. Kò tún lọ sí ilé kọfí mọ́. Ilé ló ti ń mu kọfí Arlene, ó sì ń sọ fún un pé kọfí ilé kọfí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju tirẹ̀ lọ, èyí tí Arlene kò kà sí oríyìn.

Ní ọjọ́ Àìkú, Arlene gbé páì lọ kí àbúrò rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó padà dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ ọ́.

“Mẹ́rìnléláàádọ́ta.”

“Kí ni mẹ́rìnléláàádọ́ta?”

“Hóró. Mo bi Delmar. Idẹ kan náà, ẹ̀tù kan náà, ọta kan náà, ìbọn kan náà. Ó ní iye tí òun ń lò nìyẹn. Nísinsìnyí, lọ di ọta ẹ kó o jẹ́ kí ilé yìí sinmi.”

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bí wọ́n bá bi ọkùnrin Sletten léèrè iye hóró tó ń lò, kì í sọ iye náà. Á yọ méjì kúrò. Wọn kò ka ìyẹn sí irọ́, ìwà ọmọlúàbí ni: bí ìbọn olùbéèrè bá fọ́ mọ́ ọn lójú, ẹnikẹ́ni kò ní rí i wí pé ìwọ lo pè é síbẹ̀. Olùbéèrè náà mọ̀, á gba iye tí wọ́n sọ, á fi méjì lé e nínú ọkàn rẹ̀, á dúpẹ́. Gbogbo ìlú ń parọ́ fún ara wọn pẹ̀lú ìṣirò tó péye, kò sì sẹ́ni tó ṣìnà rí.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nìyẹn,” ni Orval wí.

“Mẹ́rìnléláàádọ́ta ló sọ.”

“Mo mọ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ló sọ, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló ń wí.”

Arlene wò ó. “Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti wà nínú ilé yìí.”

“Báwo ló ṣe sọ ọ́?”

“Ẹnu ló fi sọ ọ́.”

“Ṣé ó rẹ́rìn-ín?”

“Páì ló wà lẹ́nu ẹ̀, Orval. Ta ló ń fi páì sẹ́nu tó ń rẹ́rìn-ín?”

“Delmar.”

Ó wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó wọn hóró mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sínú àwo òṣùwọ̀n. Ó gbé e dé ẹnu idẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ ọn lórí. Bí Delmar bá parọ́ fún un bí gbogbo ọmọlúàbí ti ń parọ́, a jẹ́ pé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló tọ́. Bí ó bá sọ òótọ́ fún un, a jẹ́ pé ọ̀tá paraku ni. Ó da ẹ̀tù padà sínú agolo rẹ̀.

“Mi ò ní gba iye lẹ́nu ọmọ Rasch kankan,” ó sọ fún ògiri. “Idẹ fúnra rẹ̀ ni mo máa bi.”

Ó rọ ẹ̀tù díẹ̀, ó dín títí ìtìjú fi mú un, sínú idẹ tuntun márùn-ún, ó lọ yìn wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí pápá dá. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kò lè pa eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí idẹ náà na ara sí ìwọ̀n ìbọn, ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó gbé wọn wá sí tábìlì oúnjẹ Arlene. Ó jẹ́ kí ìṣáná tó ti jó wà nídìí wọn kí omi má bàa jò, ó kán ọṣẹ ìfọ-àwo ẹyọ kan sínú omi kí ó má bàa wú lẹ́nu idẹ, ó rọ omi kún àtijọ́ kan, ó rọ ọ́ kún tuntun kan, ó wọn omi inú wọn. Àtijọ́ gba omi hóró méjìdínláàádọ́rin. Tuntun gba márùndínláàádọ́rin àti ààbọ̀. Ó ṣe é lórí gbogbo márààrún. Bákan náà.

Ó yọ idẹ tuntun náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wá rí ohun tí ojú kan àti ìkórìíra kan kò jẹ́ kó rí: ìdí rẹ̀ lóde ni alágbẹ̀dẹ ti gbẹ́ jù, ibẹ̀ ló ti fúyẹ́. Ara rẹ̀ nípọn. Delmar tọ̀nà. Orval jókòó sójú kan bí ẹni tí wọ́n mú òkú wá fún, Arlene sì fọ abọ́ mẹ́ta tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ kó má bàa wo ojú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ó ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Méjìléláàádọ́ta: ìdábùú gòkè wẹ́rẹ́, ọta sì fọ́n ká lójú pátákó bí adìẹ tí wọ́n lé. Ó fi ààbọ̀ kún un. Ó tún fi ààbọ̀ kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é, ní òwúrọ̀ nìkan, kí oòrùn má bàa mú ẹ̀tù gbóná kó sì tàn án. Ní mẹ́rìnléláàádọ́ta, ọta mẹ́ta wọ ihò tí owó ẹyọ kan lè bò, ìdábùú sì gòkè bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi òróró sí. Ní ààbọ̀ lé e, ìdábùú lọ́ra díẹ̀. Ní márùndínlọ́gọ́ta, ìṣáná tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdábùú kó tó gbéra. Kò dé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Kò nílò kó débẹ̀.

Ó wọlé tọ Arlene. “Ọmọkùnrin yẹn sọ òótọ́ fún mi.”

“O rí i? Mo wí fún ọ.”

“Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn! Ó mọ̀ pé mo máa fi méjì lé e. Ọmọ ọwọ́ á fi méjì lé e. Ká ní mo fi lé e ni, tí mo yìn ín lórí òkè, ìbọn á há lẹ́yìn ọta kan ṣoṣo. Mo máa dúró síbẹ̀ kí n máa lu ìdábùú bí ìlẹ̀kùn ilé ẹmu, àgbò á wò mí, á máa lọ.”

“Tàbí kó jẹ́ pé nítorí èmi ni mo béèrè,” ni Arlene wí, “ló fi sọ iye náà bó ṣe rí. Mo wá mọ ọ̀rọ̀ méjì-méjì yín níbo?”

Orval kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀. Kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá, nítorí ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ìkórìíra, ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n yọ bíríkì kan nínú rẹ̀.

“Delmar kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀,” ó wí níkẹyìn.

“Bí kò bá gbọ́n tó láti ṣe ọ́ lóore, ṣé ó gbọ́n tó láti ṣe ọ́ níbi?”

“Ìyẹn kì í gba ọgbọ́n.”

Ó di ọta ogún, hóró mẹ́rìnléláàádọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Virgil Osmundson yá a ní ìbaaka méjì, ó sì bá a lọ fúnra rẹ̀, nítorí pé kò gbà kí ìbaaka òun bá Orval dá nìkan sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni òkè fi bú wọn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti iwájú, tí wọ́n bá yípadà, á tún máa fẹ́ láti iwájú. Orúnkún Orval wú bí àgbọn. Ó ń gun òkè, ó ń sinmi, ó ń gùn, gbogbo ibi tó bá sì jókòó sí, Delmar ló ń rò, tó ń jẹ páì.

“Kí lò ń sọ lábẹ́lẹ̀?” Virgil bi í.

“Ìṣirò ni.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, àgbò náà dúró sórí pèpéle òkúta, ẹsẹ̀ bàtà bí ẹgbẹ̀rin sí wọn, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wọn bí onílé tí kò dá àlejò mọ̀. Orval dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta. Ó yìn ín. Ọta bà á, ṣùgbọ́n ó bà á sẹ́yìn jù. Àgbò náà tàkìtì, ó dìde, ó kọjú sí ọ̀gbun. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i, wọn kò ní rí i mọ́ títí ayé.

Orval gbé ìdábùú. Ó gòkè. Idẹ fò jáde, òmíràn wọlé, ó yìn ín, àgbò náà sì kúnlẹ̀ létí ọ̀gbun, ó dùbúlẹ̀. Láàárín ọta kìíní àti èkejì, Virgil ní, kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń sín.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n délé, Delmar wá wo ìwo náà. Kò kan ìlẹ̀kùn. Ó dúró nínú ilé mọ́tò, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó yí orí àgbò náà ká bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà á fún.

“Ìwo ọ̀tún kéré ju tòsì lọ.”

“Òun náà mọ̀. Kò pariwo ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ọta mélòó?”

“Méjì.”

Delmar gbé ojú sókè, ó wo Orval fún ìgbà àkọ́kọ́. “Kò há?”

“Kí ló máa mú un há?”

“Mo kàn béèrè ni.”

Arlene ti di ẹran itan kan sínú bébà fún àbúrò rẹ̀. Delmar gbà á, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó ní ẹran àgbò arúgbó, bàtà lásán ni, òun á fún ajá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó sì sọ̀rọ̀ láì yíjú padà.

“Hóró mélòó lo wá lò?”

Orval fa òwú kan yọ ní apá ẹ̀wù rẹ̀.

“Méjìléláàádọ́ta.”

Ètè Delmar mì díẹ̀, bí ẹni tó ń ro nǹkan pọ̀. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó jáde, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Láti ọjọ́ náà títí di òní, àwọn méjèèjì kò tíì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Idẹ ọjọ́sí ṣì wà lórí ẹ̀rọ kọfí. Àwọn ará Sletten pín sí méjì lórí Delmar: àwọn kan ní ó fẹ́ gba àgbò lọ́wọ́ àna rẹ̀, àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni kò lè parọ́ fún. Apá méjèèjì ṣì ń fi ohùn gbígbóná jiyàn lórí rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́: ká ní àna rẹ ló ránṣẹ́ pé mẹ́rìnléláàádọ́ta, mélòó ni ìwọ ì bá rọ sínú idẹ?